Orúkọ tó pòórá lẹ́yìn upgrade Ubuntu: ẹ má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni format ẹ̀rọ yín

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìdààmú. Ẹ ní ẹ gbé Ubuntu yín, Linux tó ń darí ẹ̀rọ náà, láti ẹ̀yà 22.04 lọ sí 24.04, pé Thunderbird tí ẹ fi ń ka íméèlì ṣí ṣùgbọ́n ìwé àdírẹ́sì ṣófo, ẹ sì ń bèèrè bóyá àwọn orúkọ náà á padà bí ẹ bá yọ Thunderbird kúrò tí ẹ tún un gbé sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ nǹkan kan. Ẹ má sì gbé ẹ̀rọ náà lọ bá "engineer" kankan lónìí.

Ojú mi ti rí i. Aṣọ òkè ni mò ń tà ní Ìṣẹ́yìn. Àwọn oníbàárà mi tó wà ní London àti Houston, íméèlì la fi ń bára wa sọ̀rọ̀, inú Thunderbird ni gbogbo wọn sì wà. Kì í ṣe àdírẹ́sì nìkan o. Níbi tí wọ́n kọ Notes sí lábẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan ni mo ń kọ ìwọ̀n fìlà wọn sí, àwọ̀ tí wọ́n fẹ́, àti owó tó kù lọ́wọ́ wọn: "fìlà ínṣì 23, ẹtù ni kó jẹ́, ìyàwó ò fẹ́ àlàárì." Mo ṣe upgrade, gbogbo rẹ̀ di òfìfo, bẹ́ẹ̀ ìdílé kan ń retí aṣọ ìgbéyàwó lọ́wọ́ mi. Ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe tí mo gbé e lọ bá ò tilẹ̀ wo inú fódà kan ṣoṣo kó tó sọ pé ó ti lọ, pé kí n jẹ́ kí òun format rẹ̀, kí òun fi Windows sí i. Àwọn tó ń pe ara wọn ní ọ̀gá Linux ò sàn jù ú lọ, gbogbo èsì wọn ò ju "ṣé o ní backup?" lọ. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó lọ́wọ́, ṣé ibi tó ti ra epo la máa ń bi í?

Àwọn orúkọ mi ò kúrò lórí disk rárá. Ní 22.04, deb ni Thunderbird, ìyẹn package Ubuntu ti àtijọ́, inú ~/.thunderbird ló sì ń kó gbogbo nǹkan sí. Ní 24.04, tó jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2024, Ubuntu sọ ọ́ di snap, irú package mìíràn tó ń dá wà nínú àpò ara rẹ̀, snap sì ní ibi tirẹ̀: ~/snap/thunderbird/common/.thunderbird. Ó yẹ kó kó ẹrù àtijọ́ wá síbẹ̀ nígbà tó bá kọ́kọ́ ṣí. Nígbà míì kì í kó o, nígbà míì ó máa kó o tán, á tún lọ ṣí profile òfìfo mìíràn (fódà tó ń kó lẹ́tà àti orúkọ yín sí) lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ pa Thunderbird. Ẹ tẹ Ctrl+H nínú Files kí .thunderbird lè hàn, ẹ kó odindi rẹ̀ sórí flash. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ èyí sínú terminal, ojú tí a ti ń fi ọ̀rọ̀ pàṣẹ fún ẹ̀rọ, kó lè wá fáìlì ìwé àdírẹ́sì yín:

find ~ -name "abook*"

abook.sqlite ni ìwé àdírẹ́sì yín. Bí ó bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ wo ọjọ́ àti ìwọ̀n wọn. Bí abook.sqlite-wal bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ kó o mọ́ ọn, torí àwọn orúkọ tí ẹ fi sí i kẹ́yìn lè ṣì wà nínú ìyẹn. Ẹ má gbàgbé history.sqlite, ibẹ̀ ni Thunderbird ń ṣa àdírẹ́sì àwọn tí ẹ kọ̀wé sí jọ sí.

Ibi tí ìyà ti jẹ mí nìyí. Èmi fúnra mi ni mo dá ìwé àdírẹ́sì oníbàárà sílẹ̀, kì í ṣe èyí tó bá Thunderbird wá, nítorí náà abook-1.sqlite ni orúkọ fáìlì rẹ̀. Mo dà á sínú profile tuntun, mo ṣí Thunderbird, kò sí. Mo tún un dà, kò sí. Mo gbé sqlite3, irinṣẹ́ tó ń ka irú fáìlì yìí, sórí ẹ̀rọ, mo kọ èyí sí ẹ̀dà fáìlì náà:

sqlite3 abook-1.sqlite "select value from properties where name='PrimaryEmail'"

Àdírẹ́sì àwọn oníbàárà mi ń tò wálẹ̀ níwájú mi, Thunderbird ò sì mọ̀ pé wọ́n wà láyé. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Inú prefs.js, fáìlì ètò tó wà nínú profile, ni Thunderbird ń kọ orúkọ ìwé àdírẹ́sì tí ẹ bá dá sílẹ̀ sí, lórí àwọn ìlà tó ní ldap_2.servers nínú. Fáìlì tí orúkọ rẹ̀ ò bá sí níbẹ̀, kò ní ṣí i láéláé. Àwọn ọ̀gá wọ̀nyẹn ò sọ ọ́ fún mi.

Nítorí náà, ẹ má da fáìlì sínú profile. Ẹ lọ sí Tools, Import, ẹ mú ìwé àdírẹ́sì, ẹ sì yan SQLite. Ẹ kọ́kọ́ da fáìlì náà sí Documents, torí snap kì í sábà ráyè wọ fódà tó fara pamọ́. Bí ó bá jẹ́ abook.mab lẹ rí, ti ayé àtijọ́ ṣáájú ẹ̀yà 78 ti ọdún 2020 nìyẹn; ó wà nínú Import níbẹ̀ pẹ̀lú.

Mo ní kí ẹ má gbé ẹ̀rọ fún ẹnikẹ́ni, kì í ṣe torí format nìkan. Inú profile kan náà ni logins.json àti key4.db wà, àwọn ló di password íméèlì yín mú. Bí ẹ ò bá fi Primary Password, èyí tó ń ti àwọn password yòókù pa, sí i, ẹni tó bá da fódà yẹn kọ ti di oníṣẹ́ inú íméèlì yín. Flash tí ẹ kó o sí náà, ẹ tọ́jú rẹ̀ dáadáa.

Ìbéèrè yín gan-an: rárá, kò ní padà bí ẹ bá yọ ọ́ tí ẹ tún un gbé sí i, torí kì í ṣe inú package ni orúkọ wà. Èyí tó burú ni pé snap remove á kó ~/snap/thunderbird lọ pẹ̀lú lẹ́tà tó wọlé lẹ́yìn upgrade. Bí ẹ bá ti ṣe é kí ẹ tó ka èyí, ẹ kọ snap saved sínú terminal kí ẹ rí ẹ̀dà tó wà nílẹ̀. Snapd, ètò tó ń bójú tó àwọn snap, máa ń tọ́jú ẹ̀dà kan fún ọjọ́ 31, àfi bí ẹ bá fi --purge sí i.

Bí Import bá kọ̀, ẹ fi ohun tí find kó jáde ránṣẹ́ sí mi, ọjọ́ àti ìwọ̀n fáìlì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú, kí a jọ wò ó.