Ṣáàkì tó ń yọ imú sókè: ẹ má tíì da oògùn sí i

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ìgò oògùn yẹn sílẹ̀ ná. Ẹ ní bamboo shark yín, ẹja ṣáàkì tí à ń sìn nínú táńkì omi iyọ̀, kò fẹnu kan oúnjẹ láti ọjọ́ mẹ́rin, ó ń yọ imú sókè lójú omi, ó ń fi ara nu yanrìn, tó bá sì di òru, á máa lọ á máa bọ̀ létí gíláàsì bí ẹni tó sọ owó nù. Ẹni tó tà á fún yín ní kòkòrò ló wà lára rẹ̀, kí ẹ lọ ra oògùn. Ohun tí wọ́n sọ fún èmi náà nìyẹn, òun ló sì pa èyí tí mo kọ́kọ́ ní.

Birmingham ni mò ń gbé, iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe. Aago mẹ́fà ààbọ̀ ìdájí ni mo máa ń wọlé, ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ ìwà ẹja yìí, nítorí òru ni ọjà tirẹ̀. Ìyàwó mi máa ń sọ pé ṣíìfù kan náà lèmi àtẹja náà jọ ń ṣe. Lọ́sàn-án, abẹ́ òkúta ló máa ń sùn sí, kò ní mira. Ẹni tó bá ní àìsàn nìyẹn kò tíì mọ̀ ọ́n.

Èyí tí mo kọ́kọ́ rà kò gùn ju bírò méjì lọ. Mo rí i tó ń fi ikùn nu yanrìn bíi tiyín, mo sáré padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ tó wà níbẹ̀ fún mi ní ìgò kékeré kan, mo dà á sí i, mi ò ka ara ìgò. Bàbà (copper) ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tí mo fi máa ti ibi iṣẹ́ dé, ẹja náà ti ń yí gbirigbiri nínú omi, ikùn sókè, ẹ̀yìn nísàlẹ̀, ìrù rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo dúró níwájú táńkì tèmi ti aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Kó tó di alẹ́, ó ti kú. Bàbà tí ọ̀pọ̀ ẹja ń fara dà, májèlé gbáà ni fún ṣáàkì. Kì í sì í tán bọ̀rọ̀: á wọ inú òkúta àti yanrìn lọ, á tún máa yọ́ padà sínú omi. Gbogbo òkúta tí mo fowó rà, inú ilé ìdọ̀tí ló gbà lọ. Omi ẹ̀rọ pàápàá, mo ti sá fún un, torí páìpù bàbà ló pọ̀ nínú àwọn ilé ibí. Omi tí mo bá fi RO, ẹ̀rọ tó ń sẹ́ gbogbo ìdọ̀tí kúrò nínú omi, sẹ́ ni mo ń po iyọ̀ sí.

Èkejì ló wá ṣe ohun tí mi ò rí rí. Ó deédéé kọ igun òsì táńkì sílẹ̀. Tí mo bá ju edé síbẹ̀, á gbóòórùn rẹ̀, á wá, tó bá kù díẹ̀ kó débẹ̀, á ta bí ẹni tó tẹ iná, á ṣẹ́rí padà. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń bú u pé aláìmoore ni. Lọ́jọ́ kan, mo gé àlùbọ́sà, mo gé ọwọ́ mọ́ ọn díẹ̀. Mo ki ọwọ́ náà bọ omi kí n gbé òkúta kan, ni ojú ọgbẹ́ náà bá ń ta mí wìnnìwìnnì. Mo yọ gbogbo nǹkan lára iná. Hítà tó wà nígun yẹn ti sán, ojú sísán náà kò nípọn ju fọ́nrán irun lọ.

Lábẹ́ imú ṣáàkì, ihò wínníwínní pọ̀ níbẹ̀, ohun tó ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá ló kún inú wọn. Òun ló fi ń mọ ibi tí edé sá sí lábẹ́ yanrìn, torí gbogbo ohun tó bá ń mí ló ní iná díẹ̀ lára. Iná tí kò tó ìdá kan nínú mílíọ̀nù fólítì láàárín sẹ̀ńtímítà kan, á mọ̀ ọ́n lára. Ẹ wá wo ohun tí ojú rẹ̀ ń rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ hítà tó sán. Mo pààrọ̀ hítà lọ́sàn-án, ó jẹun nígun yẹn lálẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ọwọ́ dán an wò bíi tèmi o, iná lè pa èèyàn. Ẹ yọ wọn lára iná lọ́kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, kí ẹ máa wo ẹja yín.

Ti imú tó ń yọ sókè, ọ̀nà méjì ló pín sí. Tó bá jẹ́ àsìkò oúnjẹ ló ń ṣe é, ó ń tọrọ ni. Tèmi a tún máa tu omi sí ìyàwó mi lára. Tó bá ń ṣe é látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹ ka bí ihò márààrún tó fi ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn ṣe ń ṣí tó sì ń pa dé. Tó bá ń yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, èémí ló ń wá. Ẹ wọn ammonia, májèlé tó ń ti ara ìdọ̀tí ẹja àti oúnjẹ tó jẹrà wá, òdo ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Ẹ wo bí omi ṣe gbóná tó, torí bí omi bá ṣe ń gbóná sí i ni afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń dín kù. Tèmi kì í kọjá 25°C. Kí ẹ sì fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹ̀yìn òkúta. Mo ti bá squid, ẹran omi tí mo fi ń bọ́ ọ, tó ti jẹrà níbẹ̀ rí, òórùn rẹ̀ lé gbogbo wa jáde ní pálọ̀.

Èyí tí ẹ ò ní fẹ́ gbọ́ ni ti táńkì. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ni ẹ pè é. Ẹja tó máa gùn tó mítà kan, níbo ni kó ti yí padà? Apá kan nínú lílọ bíbọ̀ òru yẹn, àyè ló ń wá. Tèmi wà ní gáráàjì báyìí, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ ní gígùn, mẹ́rin ní fífẹ̀, méjì ní jíjìn. Owó iná rẹ̀, ẹ má bi mí.

Ẹ wo abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ náà. Tèmi wú lọ́dún kẹta, mo rò pé òkúta ló gbé mì. Gẹ̀gẹ̀ ni, gẹ̀gẹ̀ bíi ti èèyàn, àìtó iodine, èròjà tí wọ́n máa ń fi sínú iyọ̀ oúnjẹ, ló fà á. Nitrate, ohun tí ammonia ń dà tó bá pẹ́ nínú omi, tó bá pọ̀ kì í jẹ́ kí ara rẹ̀ rí iodine gbà, èmi náà sì ti ń yẹ ọjọ́ tó yẹ kí n pààrọ̀ omi. Dókítà ẹranko ló wọn èyí tí mo ń fi sínú edé rẹ̀ fún mi. Ó pẹ́ kó tó fà.

Bí kò bá sì ní ọ̀pá kéékèèké méjì lábẹ́ ìdí, abo ni. Abo tèmi a máa kọ oúnjẹ tó bá fẹ́ yé ẹyin, á máa fi ìdí nu òkúta. Bí ẹ bá bá nǹkan bí àpò aláwọ̀ ilẹ̀ nílẹ̀ táńkì, ẹyin rẹ̀ ni, ẹ má jù ú nù pé kò rí akọ. Ní Steinhart Aquarium, ibi tí wọ́n ti ń sin ẹja fún àwọn èèyàn láti wò ní San Francisco, irú ẹja yìí yé ẹyin tó di ọmọ ní oṣù 45 lẹ́yìn tó ti rí akọ gbẹ̀yìn. Àtọ̀ tó ti tọ́jú sínú ló lò.

Ẹ wọn ammonia, nitrate àti iyọ̀ omi lónìí, kí ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí ránṣẹ́. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni mo máa ń jí. Kí ẹ sì wá nǹkan wúwo gbé lé ìdérí táńkì yẹn lálẹ́ òní, kó má baà fò jáde.