Sódà ò mọ agolo mílíìkì: ìdáhùn sí ìbéèrè yín lórí ọṣẹ ṣíṣe nílé

Látìgbà tí mo ti sọ níbí pé èmi fúnra mi ni mò ń ṣe ọṣẹ tí gbogbo ilé mi fi ń wẹ̀, ìbéèrè ò dúró mọ́. Mo ti kà wọ́n tán, mo sì mú márùn-ún jáde torí ohun tí wọ́n béèrè lè pa èèyàn lára tí a ò bá tètè dáhùn ẹ̀.

*Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọ̀rẹ́ mi kan ló kọ́ mi ní ọṣẹ ṣíṣe, agolo mílíìkì ló fi ń wọn gbogbo nǹkan, àdín o, kọ́sítíìkì sódà o, omi o. Tiẹ̀ máa ń dáa. Mo wá ṣe tèmi lọ́sẹ̀ tó kọjá, òróró léfòó sókè, ìsàlẹ̀ ẹ̀ le gbagidi ó sì funfun bí ẹfun, mo fi fọwọ́ báyìí ló bá ń ta mí bí ata. Kí ni mo ṣe tí ò dáa, ṣé mo ṣì lè tún un ṣe?* (Ìyá kan, Òṣogbo)

Ìyá wa, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ má fi ọṣẹ yẹn kan ara yín mọ́, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ kankan fi wẹ̀.

Ohun tó ń jẹ́ ọṣẹ ò ju kí sódà àti òróró pàdé, kí àwọn méjèèjì jẹra wọn tán, kí wọ́n di ọṣẹ àti gílísírìnì. Ọṣẹ tó bá jinná dáadáa, ẹ ò ní bá sódà kankan nínú ẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n òróró kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n sódà tó lè jẹ, kò lè jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òróró èkùrọ́ kílò 1 máa ń jẹ sódà bíi gíráàmù 176, epo pupa kílò 1 ò jẹ ju bíi 142 lọ. Tí sódà bá wá pọ̀ ju èyí tí òróró lè jẹ, àṣẹ́kù yẹn ló ń ta yín lọ́wọ́ yẹn. Tiyín tiẹ̀ tún ní wàhálà kejì, ẹ ò rò ó pẹ́ tó, ìyẹn ni òróró ṣe sá sókè tí omi sódà sì lọ jókòó sísàlẹ̀.

Agolo ló fa èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Agolo ò mọ ìwúwo, àyè nìkan ló mọ̀. Sódà tó rí pẹlẹbẹ àti èyí tó rí róbótó bí ìlẹ̀kẹ̀, agolo kan náà ni wọ́n máa kún, ìwúwo wọn ò ní dọ́gba láéláé. Sódà tún máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra tí wọ́n bá ti ṣí i sílẹ̀ lọ́jà, nítorí náà agolo kan tòní àti agolo kan ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kì í ṣe ọgba. Ọ̀rẹ́ yín ń rí i ṣe torí pé ọ̀dọ̀ ẹnì kan náà ló ti ń ra sódà láti ọjọ́ pípẹ́, ọwọ́ ẹ̀ ti mọ́ ọn lára, ọjọ́ tí oníyẹn bá yí ọjà padà lòun náà máa rí ohun tí ẹ rí. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ ra síkéèlì ìdáná, èyí kékeré tó ń gbé nọ́ńbà jáde yẹn, kí ẹ tó ra òróró míì.

Èyí ni mo máa ń ṣe. Mo máa wọn òróró èkùrọ́ gíráàmù 700 àti epo pupa 300, màá yọ́ wọn pọ̀ lórí iná jẹ́ẹ́jẹ́ kí wọ́n kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́, mi ò kì í jẹ́ kí epo gbóná débi tó máa rú èéfín o, èéfín yẹn burú fún ọ̀fun, irú epo gbígbóná bẹ́ẹ̀ sì ti sun ilé ẹni tó pọ̀. Màá wọn omi 350 sínú ike tó nípọn, màá wọn sódà 150 lọ́tọ̀, màá wá rọra máa da sódà yẹn sínú omi díẹ̀díẹ̀ níta gbangba tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. SÓDÀ ló ń wọ inú omi. Ẹ ò gbọdọ̀ da omi lé sódà lórí, torí ó máa hó lójijì ó sì máa ta sí yín lójú. Ó máa gbóná gan-an fúnra ẹ̀ láìsí iná kankan lábẹ́ ẹ̀, ẹ má bẹ̀rù, ẹ fi sílẹ̀ kó rọ̀. Ìbọ̀wọ́ ní ọwọ́, gíláàsì ní ojú, aṣọ tó bo apá. Ìkòkò alúmíníọ́mù ò gbọdọ̀ sún mọ́ ibẹ̀ rárá, sódà máa ń jẹ ẹ́ ni, á máa hó yàà, gáàsì tó sì ń jáde níbẹ̀ lè gbiná.

Tí omi sódà bá ti rọ̀ sí ìwọ̀n tí òróró wà, ẹ dà á sínú òróró kí ẹ máa rò ó. Orógùn lásán lè gbà tó wákàtí kan, ẹ̀rọ ìpo nǹkan tó ń lo iná á ṣe é ní ìṣẹ́jú mélòó kan. Ẹ̀ẹ́ rí i pé ó ń ki, ó ń dà bí ògì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ẹ̀kọ lórí iná, tí ẹ bá fi orógùn fa ìlà lójú ẹ̀, ìlà yẹn á dúró díẹ̀ kó tó pa dé. Ìgbà yẹn ni kí ẹ dà á sínú páálí tí ẹ ti tẹ́ ọ̀rá sí. Ó di ọjọ́ kejì kí ẹ tó gé e, ẹ fi ìbọ̀wọ́ gé e o, kí ẹ wá tò ó síbi tí atẹ́gùn ń gbà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ẹni tó bá sọ pé ọ̀sẹ̀ kan tó, ọṣẹ tó rọ̀, tó ń tètè yọ́ tán ló fẹ́ tà fún yín.

Ẹ rí i pé sódà tí mo lò ò tó èyí tí òróró yẹn lè jẹ tán. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Mo fẹ́ kí òróró díẹ̀ ṣẹ́kù láti fi pa ara, kí n má bàa ní sódà tó ṣẹ́kù.

Ní ti èyí tí ẹ ti ṣe, tó bá jẹ́ pé ẹ mọ ìwúwo ohun tí ẹ fi sí i ni, mo máa ní kí ẹ rún un, kí ẹ fi omi díẹ̀ àti òróró tó máa jẹ sódà tó pọ̀ jù yẹn sí i, kí ẹ rò ó lórí iná díẹ̀ kó parapọ̀. Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ tọ́jú ẹ̀ fún ṣáláńgá àti sìmẹ́ńtì ẹ̀yìnkùlé, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tí ẹ bá fẹ́ lò ó.

*Ẹ káàsán mà. Omi sódà ṣẹ́kù lẹ́yìn tí mo ṣe ọṣẹ, mo rọ ọ́ sínú ike omi tí a mu tán, mo gbé e sábẹ́ tábìlì. Ọmọ mi ọdún mẹ́ta ti gbé e sẹ́nu kí n tó já a gbà, Ọlọ́run ló yọ wá. Ìyá ọkọ mi ní kí n máa tọ́jú epo pupa sítòsí, pé òun ló ń pa á. Ṣé òótọ́ ni?* (Ìyàwó ilé kan, Abẹ́òkúta)

Rárá o, àbúrò mi, kì í ṣòótọ́, mo sì mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú kí ìyá sọ bẹ́ẹ̀.

Omi sódà mọ́ gaara bí omi mímu, kò rùn, ọmọ tí òǹgbẹ ń gbẹ ò lè mọ̀ yàtọ̀. Ní àdúgbò tí mo ti dàgbà, ọmọ kan gbé irú ike bẹ́ẹ̀ mu. Wọ́n fún un ní epo pupa, wọ́n ní kó bì í jáde. Bó ṣe ń bì í ni sódà yẹn tún ń gba ọ̀fun yẹn kọjá lẹ́ẹ̀kejì, ibi tó ti jó tẹ́lẹ̀ ló tún ń jó. Ọmọ náà ò kú, ṣùgbọ́n bí egbò ọ̀fun yẹn ṣe ń san ló ń fún pọ̀, ó dé ibi tó jẹ́ pé ẹ̀kọ olómi nìkan ló ń kọjá, ìrẹsì ò lè lọ mọ́. Ilé ìwòsàn ńlá ni wọ́n ti ń fẹ ọ̀nà ọ̀fun yẹn fún un léraléra. Mi ò tíì gbàgbé ojú ìyá ẹ̀ di bí mo ṣe ń kọ eléyìí.

Nítorí náà tó bá ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ẹnikẹ́ni, ẹ má jẹ́ kó bì í, ẹ má fún un ní epo, ẹ má fún un ní ọsàn. Ẹ fi omi fọ ẹnu ẹ̀, kí ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ẹ mú ike yẹn dání kí dókítà rí i. Tó bá ta sí ara tàbí ojú, ẹ bọ́ aṣọ tó bá kàn, ẹ máa da omi tó mọ́ tó ń ṣàn sí i fún ogún ìṣẹ́jú ó kéré tán, kì í ṣe fínígà, kì í ṣe ọsàn wẹ́wẹ́. Ti ojú gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn lẹ́yìn ẹ̀.

Kò tiẹ̀ yẹ kí omi sódà ṣẹ́kù, ìwọ̀n tí ẹ máa lò ni kí ẹ pò. Sódà gbígbẹ, ẹ fi sínú ike tí ìdérí ẹ̀ le, kí ẹ kọ MÁJÈLÉ sí i lára, kí ẹ tì í sókè. Kò gbọdọ̀ sí sódà nínú ohunkóhun tí èèyàn ti fi mu nǹkan rí.

*Mà, oko kòkó wà fún bàbá mi ní Oǹdó, mo wá ń fi èèpo ẹ̀ ṣe ọṣẹ dúdú. Tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ọṣẹ yẹn á máa rọ̀, á máa lẹ̀ mọ́wọ́, oníbàárà wá ń sọ pé ayédèrú ni, pé ti Ghana ni ojúlówó. Kí ni kí n ṣe?* (Ọ̀dọ́bìnrin kan, Ìbàdàn)

Inú mi dùn sí ìwé tìrẹ yìí gan-an. Sọ fún oníbàárà rẹ pé rírọ̀ yẹn ló ń fi hàn pé ojúlówó ni. Sódà ló ń mú ọṣẹ le bíi bíríkì. Ohun tó wà nínú eérú èèpo kòkó, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ṣùṣù ọ̀pẹ kì í ṣe sódà, pọ́táàṣì ni, ọṣẹ pọ́táàṣì kì í le, ó sì máa ń fa omi afẹ́fẹ́ mọ́ra, gílísírìnì inú ẹ̀ náà ń bá a fà á. Èyí tó bá le kankan tó tún dúdú kirikiri bí èédú, òun ló yẹ kéèyàn béèrè ohun tí wọ́n fi pa á láró.

Ti Ghana yẹn, ọ̀rọ̀ tó dùn ni. Orúkọ tí wọ́n ń pè é níbẹ̀ ni alata samina. Samina ni ọṣẹ lédè Twi tí wọ́n ń sọ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé aláta tiwa náà ni alata yẹn, àwọn oníṣòwò ilẹ̀ yìí tí wọ́n ń gbé ata àti ọjà míì lọ síbẹ̀ láyé àtijọ́. Ẹ ò rí i pé orúkọ ọṣẹ yẹn fúnra ẹ̀ ń júwe ilé.

Mo fẹ́ kí o ṣọ́ iṣẹ́ eérú dáadáa. Èèpo kòkó gbọ́dọ̀ gbẹ nínú oòrùn títí yóò fi máa ró wàrà-wàrà, kí o tó sun ún di eérú tó fẹ́ẹ́rẹ́ funfun, torí èyí tó bá ṣì dúdú, èédú ló pọ̀ níbẹ̀. Da eérú sínú ajere, da omi lé e, kí o jẹ́ kó máa kán sísàlẹ̀ fúnra ẹ̀. Omi yẹn lo máa sè kó ki kí o tó da àdín sí i. Agbára omi eérú ò lágbára tó ti sódà, òun ló fà á tí àwọn ìyá wa fi máa ń rò ó lórí iná fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ẹni tó bá sì kánjú níbẹ̀ máa rí òróró tí ò di ọṣẹ. Mi ò lè fún ọ ní nọ́ńbà bí mo ṣe fún ìyá Òṣogbo, torí eérú oko kan ò rí bíi ti òmíì, ojú àti ọwọ́ ni wọ́n fi ń mọ tiẹ̀, lọ jókòó ti ìyá àgbà kan tó ti ń ṣe é tipẹ́. Tó bá ti jinná, wé e sínú ọ̀rá tàbí kí o rọ ọ́ sínú ike tó dé pa kó tó dọ́jà, òjò ò ní rí i mú. Tí o bá sì fẹ́ máa tà á nínú páálí tó lórúkọ, lọ béèrè ní NAFDAC ohun tí wọ́n ń fẹ́.

*Àǹtí mi, ẹ káàárọ̀. London ni mo wà, mi ò rí àdín rà, òróró àgbọn ló wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ṣé mo lè fi í dípò?* (Òǹkàwé kan, Peckham)

O lè fi í dípò, ṣùgbọ́n nọ́ńbà á yí padà. Òróró àgbọn kílò 1, sódà gíráàmù 165, omi gíráàmù 380. Á hó gan-an, àmọ́ òun nìkan máa ń gbẹ ara, fi ìpara ọ̀rí pa ara lẹ́yìn ìwẹ̀. Sódà tí wọ́n ń tà níbẹ̀ fún gọ́tà ilé ìdáná, ka ẹ̀yìn ẹ̀, tí nǹkan míì bá wà níbẹ̀ yàtọ̀ sí sodium hydroxide, ìyẹn orúkọ kọ́sítíìkì sódà gan-an, dá a padà. Omi London ní kálísíọ́mù púpọ̀, tí o bá rí ìdọ̀tí funfun létí báàfù, omi ló fà á, ọṣẹ rẹ ò ṣe nǹkan kan.

*Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta mà. Mo fẹ́ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ọṣẹ kó lè mú ara tàn, ife mélòó ni kí n fi sí i?* (Òǹkàwé kan, Ìlọrin)

Ẹ má fi ìkankan sí i. Kíkan ọsàn àti sódà ọ̀tá ni wọ́n, wọ́n á pa ara wọn kí òróró tó rí nǹkan jẹ, ọṣẹ yín á wá kún fún òróró, á sì rọ̀. Kò sí ọsàn kankan tó máa ṣẹ́kù nínú ẹ̀ tó máa mú ara tàn. Àwọn tó tún ń fún un sí ara tààrà, tí wọ́n wá jáde sínú oòrùn, irú èyí máa ń bó ara, á sì fi àpá dúdú sílẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ ṣáà fẹ́ kí nǹkan ọsàn wà nínú ẹ̀, ẹ sá èèpo ẹ̀ gbẹ, kí ẹ gún un kúnná, ṣíbí kan fún kílò òróró kan, ẹ dà á sí i nígbà tí ọṣẹ bá ti ki tán kí ẹ tó rọ ọ́ sínú páálí.