Ohùn Adájọ́ Tí Ọmọ Mi Dá Gbọ́

Ìbéèrè: Ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi, ọdún kẹrin rèé tí ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 10, ti ń kọ́ ijó ní Amẹ́ríkà níbí. Olùkọ́ rẹ̀ fẹ́ kí ó lọ dá jó níbi ìdíje gbogbo orílẹ̀-èdè lọ́dún tó ń bọ̀. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é, kí sì ni ó yẹ kí n mọ̀ kí n tó gbà?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ìbéèrè yín bá mi níbi tí ó ṣì ń dùn mí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú "gbogbo orílẹ̀-èdè" yẹn fún yín. Kì í ṣe ìjọba ni ó ń ṣe é. Àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni tí ó ń ṣètò ìdíje pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn a sì máa káàkiri àwọn ìlú láti ìgbà òtútù láti ṣe ti ẹlẹ́kùnjẹkùn. Nígbà tí ooru bá dé, olúkúlùkù á wá ṣe àṣekágbá tirẹ̀. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ń jẹ́ ẹni kìn-ín-ní ní gbogbo Amẹ́ríkà láàárín ọdún kan ṣoṣo. Ilé-ẹ̀kọ́ ijó ni ó sábà ń fi orúkọ ọmọ sílẹ̀, kì í ṣe òbí. Wọ́n á pín wọn sí ọ̀wọ́ ọjọ́ orí, èyí tí ọ̀pọ̀ ìdíje ń fi iye ọdún tí ọmọ jẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní ṣírò, wọ́n á tún pín wọn sí ìpele, láti orí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ títí dé orí ẹni tí ó ń fi wákàtí púpọ̀ kọ́ ijó lọ́sẹ̀. Àwọn tí ó ń fi ijó jẹun kì í bá wọn du ipò.

Ijó àdájó kì í sábà ju ìṣẹ́jú 3 lọ, bí orin bá sì kọjá àkókò, wọ́n lè yọ máàkì. Adájọ́ 3 ni ó sábà ń jókòó, ọ̀kọ̀ọ̀kan á fún ọmọ ní máàkì lórí 100, wọ́n á sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ lórí 300. Iye yẹn ni ó ń pinnu irú àmì-ẹ̀yẹ tí ọmọ máa gbà, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ọmọ tí kì í gba ọ̀kan. Ẹ má ṣe jẹ́ kí orúkọ "góòlù" tàn yín, nítorí ó lè jẹ́ èyí tí ó kéré jù. Ipò tí ọmọ wà láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ wò.

Èyí tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni ti ohùn. Bí ọmọ bá ṣe ń jó lọ́wọ́ ni adájọ́ ń sọ èrò rẹ̀ sínú ẹ̀rọ, tí wọ́n á sì fi ohùn náà ránṣẹ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ ijó. Ọmọ ọdún 11 ni ọmọ mi nígbà náà. Ìyá mi ti gbé lọ́dọ̀ wa fún oṣù 6, ó sì ti ń bá a jó nínú pálọ̀ lójoojúmọ́, ó ń kọ́ ọ bí ó ṣe máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí orúnkún tẹ̀, kí ìdí yọ sẹ́yìn díẹ̀, kí èjìká máa dá ìlù lóhùn. Ọmọ náà kó o wọ inú ijó òyìnbó tí wọ́n kọ́ ọ, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kí ó ṣe bẹ́ẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ ìdíje náà, ní hòtẹ́ẹ̀lì, mo gbé fóònù tí ohùn àwọn adájọ́ wà nínú rẹ̀ lé e lọ́wọ́, mo lọ wẹ̀. Nígbà tí mo jáde, ó ti ki íápíìsì bọ etí, ó dúró níwájú dígí, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì ti ìdí ara rẹ̀ wọlé. Adájọ́ kan ti sọ pé kí ó na orúnkún, kí ó kó ìdí wọlé, pé ìdúró rẹ̀ kò mọ́. Adájọ́ náà kò bú u. Ní ìlànà irú ijó tí a fi orúkọ rẹ̀ sí, òótọ́ ni ó sọ. Èmi ni ó yẹ kí n ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, kí n jókòó tì í, kí n ṣàlàyé pé ijó méjì ni, ìdúró méjì sì ni. Ọjọ́ kejì ni mo tó ṣàlàyé, ọ̀rọ̀ sì ti wọ ọ́ lára.

Ó ti pé ọdún 4 báyìí. Bí ìlù bá dún, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, òun á nàró gbọnrangandan. Ìyá mi rí i nínú fídíò, ó bi mí bóyá ẹ̀yìn ń dun ọmọ òun. Mo ní rárá, mo sì yí ọ̀rọ̀ padà.

Àwọn kan ti sọ fún mi pé mo fi ijó ilé wa ra àmì-ẹ̀yẹ. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí kì í lè wo àlejò lójú tẹ́lẹ̀ ni ó dá dúró lórí ìtàgé níwájú ọgọ́rọ̀ ènìyàn, ilé-ẹ̀kọ́ ijó yẹn ni ó sì fún un ní ìgboyà náà. Ti èdè Yorùbá tí ó ń gbọ́ tí kò lè fi dáhùn, ìyẹn kò ti ọwọ́ ijó wá. Ọwọ́ èmi tí mo ń fi Gẹ̀ẹ́sì bá a sọ̀rọ̀ nítorí pé ó yá ni ó ti wá.

Ẹ jẹ́ kí ó lọ. Ti aṣọ àti orin, olùkọ́ yín á sọ fún yín. Ẹ ṣáà bi í léèrè ìpele tí ó fẹ́ fi í sí àti ìdí rẹ̀, kí ẹ sì fi ọwọ́ ara yín ka ìṣẹ́jú orin náà. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun, ẹ bá a ṣe àdéhùn pé ọ̀dọ̀ yín ni ohùn àwọn adájọ́ máa kọ́kọ́ dé. Bí ó bá ní tààrà sí àwọn ọmọ ni òun ń fi í ránṣẹ́, ẹ sọ fún un pé ti ọmọ yín kò ní rí bẹ́ẹ̀.