Èsì: Kí ọmọ kọ ìtàn ẹ̀rù láìdárúkọ ẹ̀rù

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní "ẹ̀rù bà mí gan-an" ni gbogbo ọmọ kíláàsì yín ń kọ ṣáá. Ní Kétu níbí, ní orílẹ̀-èdè Benin, mo ti fòfin de ọ̀rọ̀ "ẹ̀rù" ní kíláàsì mi. Mo kó àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ sí Akaba Ìdènà nírọ̀lẹ́, ibodè àtijọ́ tó ti wà kí ọmọ ogun ìjọba Dàhòmì tó fọ́ ìlú ní 1886. Mo ní kí wọ́n dijú, kí wọ́n sọ ohun tí etí wọn gbọ́. Ọmọ kan kọ ọ́ pé: "Ilẹ̀kùn ń mí." (Èmi gan-an bojú wẹ̀yìn!)

Tí ẹ bá ń ka ìtàn, ẹ dúró níbi tí ilẹ̀ ti ṣú, kí wọ́n fàlà sábẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe nìkan. "Ó ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀" ju "abàmì burúkú" lọ fíìfíì.