Kí Ló Mú Ìrèké Mi Yọ Òdòdó?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Àkùrọ̀ kan nítòsí Ìlọrin ni mo ń gbin ìrèké sí. Ní oṣù kọkànlá, púpọ̀ nínú wọn yọ òdòdó funfun bí ìrùkẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ti aládùúgbò mi tí a jọ gbìn lọ́jọ́ kan náà kò yọ rárá. Wọ́n ní ọ̀dá ló fà á. Ṣé òótọ́ ni, ṣé mo sì lè dá a dúró?

ÌDÁHÙN: Ọ̀dá kọ́. Àìrómi gan-an a máa dí òdòdó ìrèké lọ́wọ́, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí ọ̀rinrin àkùrọ̀ yín ti ràn án lọ́wọ́. Gígùn òru ni ìrèké ń wò. Ní agbègbè yín, ojúmọmọ a máa fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 40 ní oṣù kẹfà, a sì máa dín kù sí nǹkan bí wákàtí 11 àti ìṣẹ́jú 40 ní oṣù kejìlá. Èèyàn kì í fura sí ìyàtọ̀ wákàtí kan yìí, ṣùgbọ́n bí ojúmọmọ bá ti ń kúrú díẹ̀díẹ̀ ní nǹkan bíi wákàtí 12 àbọ̀, ìrèké tó ti dàgbà tó a dẹ́kun ewé híhù, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀dá òdòdó nínú ọ̀pá, ní ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí ojú tó rí i. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí ohun tí ẹ lè fi dá a dúró mọ́ ní oṣù kọkànlá.

Ooru àti òtútù náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀: bí òru bá tutù ju ìwọ̀n 18 lórí òṣùwọ̀n Celsius lọ, tàbí tí ọ̀sán gbóná ju 32 lọ ní àsìkò náà, òdòdó kì í sábà jáde dáadáa. Ti koríko ryegrass tí màlúù ń jẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀ pátápátá, nítorí òtútù ìgbà ọyẹ́ wọn ló ń múra rẹ̀ sílẹ̀, kí ọjọ́ gígùn tó mú un yọ òdòdó. Ní Canal Point ní Florida, níbi tí ìjọba Amẹ́ríkà ti ń fi òdòdó irú ìrèké kan gba èkejì láti mú irú tuntun jáde láti ọdún 1920, ohun tí ẹ ń sá fún yìí gan-an ni wọ́n ń wá. Inú ilé tí wọ́n ti ń díwọ̀n ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn ni wọ́n ti ń mú ìrèké yọ òdòdó.

Ní ti aládùúgbò yín, ó jọ pé irú ìrèké tirẹ̀ kì í tètè yọ òdòdó. Ẹ kọ́kọ́ gé àwọn tó ti yọ. Adùn wọn kì í lọ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pá náà kò ní í ga mọ́, bó bá sì pẹ́ lórí ìdúró, inú rẹ̀ á gbẹ, ẹ̀ka á máa hù ní oríkèé, á sì máa jẹ ṣúgà inú rẹ̀. Kùkùté á tún hù, ṣùgbọ́n irú kan náà ni yóò jẹ́. Fún oko tuntun, ẹ tọrọ ọ̀pá gbígbìn lọ́wọ́ aládùúgbò yín.