Ọmọ mi kàn ń kanra ni, kí ni kí n ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, nọ́ọ̀sì. Ọmọkùnrin mi pé ọdún 13 lóṣù tó kọjá. Tẹ́lẹ̀, a jọ máa ń ṣeré, ní báyìí tí n bá ti pè é pẹ́nrẹ́n á kanra, á wọ yàrá, á gbá ilẹ̀kùn gbàà, tó bá dalẹ́ màá tún bá a tó ń sunkún. Ìyá ọkọ mi ní ọwọ́ ayé ni, ká gbé e lọ sórí òkè. (Ìyá kan n'Ífẹ̀)

Ìdáhùn: Mọ́mì wa, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Àdúrà ò pọ̀jù, ẹ máa gbà á, àmọ́ ohun tẹ́ ẹ sọ yìí jọ ìbàlágà. Láàárín ọdún 9 sí 14 ló máa ń bẹ̀rẹ̀ fọ́mọkùnrin, tobìnrin máa ń yá díẹ̀. Họ́mọ̀nù, ìyẹn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń yí ohùn ẹ̀ padà, náà ló ń da inú ẹ̀ rú, ibi tó sì yẹ kó máa tẹ bíréèkì fún ìbínú nínú ọpọlọ ò tíì gbó, kì í gbó tán títí èèyàn á fi tó bí ẹni ọdún 25.

Èyí tó ká mi lára jù ni pé ìbínú nìkan làwọn ọmọ wa mọ̀ ọ́n fi hàn. Wọ́n mú ọmọ kan wá sọ́dọ̀ mi n'Iléṣà níbí, ó ta bọ́kẹ́ẹ̀tì omi tí ìyá ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fà nípàá. A bi í bi í, kò fọhùn, ìgbà tó ku èmi àti ẹ̀ ló tó sọ pé wọ́n ní kóun kàwé sókè ní kíláàsì, ohùn òun kàn há, ló bá dún bíi ti àkùkọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kíkọ, gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ojú ló ń tì í o!

Torí náà tó bá ń gbóná lọ́wọ́, ẹ má bá a fà á. Tó bá tutù, tẹ́ ẹ jọ ń ṣa ẹ̀wà, tí ẹ ò wojú ara yín, ẹ bi í pé ṣé ojú ń tì ẹ́ ni, àbí ọkàn ẹ ò balẹ̀, àbí ó kàn rẹ̀ ẹ́? Ẹ fún un lórúkọ tó máa pe nǹkan náà. Ilẹ̀kùn tó gbá yẹn, kó bẹ̀bẹ̀ o, ìbàlágà ò ní kó rí yín fín. Kẹ́ ẹ sì gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀ lálẹ́, wákàtí 8 sí 10 ló yẹ kó máa sùn.

Tó bá wá lé lọ́sẹ̀ 2 tí inú ẹ̀ ò dùn rárá, tí kì í jẹun, tí kò bọ́rẹ̀ẹ́ ṣe mọ́, ẹ gbé e lọ sí OAUTHC, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì n'Ífẹ̀ níbẹ̀, kí dókítà rí i. Tó bá ń sọ pé ó sàn kóun kú, ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ kankan, ọjọ́ yẹn náà ni, kẹ́ ẹ má sì fi òun nìkan sílẹ̀ títí ẹ ó fi débẹ̀.