Ṣé ó yẹ ká fi gbèdéke àkókò sí ìdánwò kóòdù?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ìbàdàn ni mo ti ń kọ̀wé sí yín. Àwa mẹ́rin la jọ ń ṣe áàpù fún àwọn alájọ, èmi ni mo sì ń bójú tó àwọn ìdánwò tí kọ̀ǹpútà máa ń ṣe fúnra rẹ̀ nígbàkigbà tí ẹnikẹ́ni bá fi kóòdù tuntun ránṣẹ́. Jest, irinṣẹ́ kan fún ìdánwò kóòdù, la fi ń ṣe é. Ọ̀kan nínú wọn ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá OTP (nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan péré) ti kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 4. Bí iná bá wà, ó máa ń yege. Bí wọ́n bá mú iná lọ, tí kọ̀ǹpútà alágbèéká mi ń fi bátìrì ṣiṣẹ́, ó máa ń kùnà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, á ní òun ti kọjá ìṣẹ́jú àáyá 5. Ọ̀gá wa wá ní ká yọ gbèdéke àkókò kúrò lára gbogbo ìdánwò, pé ó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Ọkàn mi ò gbà á, ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tí mo lè sọ fún wọn. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.
— Aṣèdánwò, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ẹ má yọ ọ́ o. Ọ̀gá yín ò sọ̀rọ̀ lásán: ìdánwò tó ń pariwo pé nǹkan bàjẹ́ nígbà tí nǹkan kan ò bàjẹ́, kò ní pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò fi ní dá a lóhùn mọ́. Wàhálà gidi ni. Ṣùgbọ́n yíyọ gbèdéke kọ́ ni oògùn rẹ̀.

Mo mọ̀, nítorí èmi náà yọ ọ́ rí. Níbi iṣẹ́ mi àtijọ́ kan, èdè Go la fi kọ ètò tó ń fi owó ránṣẹ́ láti àkáǹtì kan sí òmíràn. Bí o kò bá sọ iye kankan fún Go, ìṣẹ́jú 10 ló máa fún ìdánwò, lẹ́yìn náà á dá a dúró. Tiwa ń kan ìṣẹ́jú 10 yẹn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Mo rò pé ó kàn ń falẹ̀ ni, mo bá kọ "-timeout 0" sí i, ìyẹn ni pé kò sí gbèdéke mọ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni, mo sì gba ilé lọ.

Orí GitHub Actions, ìyẹn kọ̀ǹpútà orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń bá èèyàn ṣe ìdánwò, ni àwọn ìdánwò náà ti ń ṣiṣẹ́. Níbẹ̀, iṣẹ́ tí o kò bá fún ní gbèdéke lè lo odidi wákàtí 6 kí wọ́n tó pa á, ìṣẹ́jú 360 nìyẹn. Ọ̀fẹ́ la sì ń lò, ìṣẹ́jú 2,000 lóṣù fún kóòdù tí a ò ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń fi kóòdù ránṣẹ́ ní Àbámẹ́ta àti ọjọ́ Àìkú, ìdánwò sì ń há. Márùn-ún jẹ ìṣẹ́jú 1,800. Ìkẹfà ló gbé ìyókù mì. Nígbà tí mo fi máa dé ní ọjọ́ Ajé, a ò ní ìṣẹ́jú kan lọ́wọ́ mọ́, oṣù náà ò sì tíì pé ọ̀sẹ̀ kan.

Mo dá ìṣẹ́jú 10 padà, mo sì ń ṣe ìdánwò náà lórí kọ̀ǹpútà mi títí ó fi há. Nígbà tí àkókò pé, ó kọ "panic: test timed out after 10m0s". Mo ti rí ìlà yẹn tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò kà kọjá rẹ̀ rí. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Iṣẹ́ méjì ló ní "[sync.Mutex.Lock, 9 minutes]" lára, ìyẹn ni pé wọ́n ti ń dúró láti ti nǹkan pa fún ìṣẹ́jú 9, ó sì dárúkọ fáìlì àti nọ́ńbà ìlà tí kálukú dúró sí. Ọ̀kan ń fi owó ránṣẹ́ láti àkáǹtì A sí B: ó ti ti A pa kí ẹlòmíràn má bàa fọwọ́ kàn án, ó ń dúró de B. Èkejì ń fi ránṣẹ́ láti B sí A: ó ti ti B pa, ó ń dúró de A. Bí ọlọ́kọ̀ méjì tó pàdé lórí afárá tóóró, tí kálukú ní kí èkejì padà sẹ́yìn. A ṣètò rẹ̀ pé àkáǹtì tí nọ́ńbà rẹ̀ bá kéré ni kí gbogbo wọn kọ́kọ́ máa tì, ó sì tán.

Ìdánwò yẹn ò falẹ̀ rárá, àbúrò mi. Owó àwọn èèyàn ni ì bá há bẹ́ẹ̀. Gbèdéke ti ń sọ ọ́ fún wa láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan, èmi ni mo dì í lẹ́nu. Ó ṣì ń dùn mí.

Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ò sì lè gbà wá. Láti ọdún 1936 ni Alan Turing, onímọ̀ ìṣirò, ti fi hàn pé kò sí ọ̀nà kan tí a lè fi mọ̀, fún gbogbo ètò tó wà, èyí tó máa parí àti èyí tí kò ní parí láé. Èèyàn ló gbọ́dọ̀ sọ pé ibi báyìí ni sùúrù mi mọ.

Ibi tí ẹ̀yin ti ṣì í ni pé ẹ fi gbèdéke ṣe òṣùwọ̀n eré. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú ohun tó há. Ìdánwò tó sábà máa ń lo ìṣẹ́jú àáyá 1, èmi máa ń fún un ní 30, kí bátìrì tàbí kọ̀ǹpútà tọ́wọ́ rẹ̀ dí má bàa sọ ọ́ di òpùrọ́. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí áàpù yín ṣe yára tó, ẹ wọ̀n ọ́n níbòmíràn, kí ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ lójoojúmọ́.

Ó wá ku ti OTP. Jest fún ìdánwò ní ìṣẹ́jú àáyá 5, ìwọ sì fi 4 jókòó lásán. Gbogbo iṣẹ́ tó kù wá há sínú 1. Má dúró de aago gidi mọ́. Lo "jest.useFakeTimers", tó ń fi aago àfọwọ́ṣe rọ́pò aago gidi, kí o fi "jest.advanceTimersByTime(4000)" ti aago síwájú, OTP á kú lójú ẹsẹ̀.

Ohun kan ṣì kù tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Bí kóòdù bá kó sínú "while" (àṣẹ tó ń mú kí kóòdù máa tún ohun kan náà ṣe) tí kò lópin, tí kò sì fàyè sílẹ̀ fún nǹkan mìíràn, gbèdéke Jest ò lè dá a dúró, torí ojú ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbà. Nítorí náà, bó bá jẹ́ GitHub Actions lẹ̀yin náà ń lò, ẹ kọ "timeout-minutes: 15" sí i.

Má tíì bá ọ̀gá rẹ jiyàn. Tún ìdánwò OTP yẹn ṣe lónìí, kí o yọ wáyà iná kúrò lára kọ̀ǹpútà rẹ, kí o sì ṣe é nígbà 20 níṣojú wọn. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó jọ sọ̀rọ̀.